Àlejò Inú Àmù

Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yunifásítì kan ní Ìlárá-Mọ̀kín ni mo ti gba ẹran náà. Obìnrin ni, mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ ní Àkúrẹ́. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, òun ń kọ́ àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ irú wa, a sì máa ń fi ṣàwàdà pé èmi ni mo ń bó iṣu tí òun ń sè. Nígbà tí nǹkan wá le, tí epo bẹ́ńtírò gbówó lórí tí ohun gbogbo sì tẹ̀ lé e lọ sókè, òun àti ọkọ rẹ̀ rí ọ̀nà òkè òkun. Wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ta fìríìjì. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò rí ẹni tà fún, tí kò sì ṣeé dì sínú àpò, ni ẹran inú àpótí gíláàsì tó wà ní pálọ̀ wọn.

Áṣólótù ni wọ́n ń pè é. Kò ní orúkọ ní èdè wa, nítorí kò sí baba ẹnikẹ́ni níbí tó rí i rí. Inú adágún omi tútù kan ní Mẹ́síkò ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó ro ọmọńlé tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, tó kọ̀ tí kò jáde kúrò nínú omi. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí ti ẹja àrọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìka wẹ́wẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀ka mẹ́ta mẹ́ta yọ jáde bí ìyẹ́ adìẹ, àwọn ló fi ń mí. Dúdú ni èyí tí mo ń wí yìí, àmọ́ dúdú tó ti ń ṣá bí aṣọ tí oòrùn ti pa, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì lọ. Òyìnbó kan tó wá ṣe ìwádìí ní yunifásítì ló fi í sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi nígbà tó ń padà sílé. Ó ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ òyìnbó náà pàápàá.

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un. Bí mo bá dà á sódò, kò ní rí ọ̀sán ọjọ́ kejì.”

Mo sọ fún un pé mi ò mọ nǹkan kan nípa títọ́jú ẹran inú omi. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tí òun lè bẹ̀. Ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ bá, àwọn kan ní àwọn ò fẹ́ iwin nínú ilé àwọn, àwọn yòókù ń béèrè bóyá ó dùn nínú ọbẹ̀. Ọkọ mi ti di olóògbé nígbà náà, àwọn ọmọ mi sì ti lọ síbi iṣẹ́ wọn. Mo rò ó pé ohun tí kò ní ariwo, tí kì í jáde, kò lè da ilé rú. Mo gbé e.

Yàrá méjì ni mo ń gbé ní Ọ̀bà-Ilé. Òrùlé páànù ni, àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì nípọn ju pákó ìdérí àpótí lọ. Bí oòrùn bá ti gòkè, ilé náà a máa móoru bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi pé ooru ni ọ̀tá ẹran yìí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń mú omi tutù nílé tirẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ ń lò, iná ìjọba a sì lọ fún ọjọ́ púpọ̀ láì wo ẹ̀yìn. Jẹnẹrétọ̀ mi ti di ohun tí mò ń fi aṣọ bò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi dídì lọ́wọ́ obìnrin kan ní oríta wa, mò ń fi í sínú ìgò, mò ń ju ìgò náà sínú àpótí. Yóò tutù díẹ̀, kí n tó ti ilé ìwé dé, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Láàárín àsìkò yẹn, ẹran náà ṣíwọ́ jíjẹ. Àwọn ẹ̀ka ọrùn rẹ̀ ń kúrú, pupa tó wà lára wọn ń ṣí. Lọ́jọ́ kan mo rí ohun funfun kan bí òwú lórí ọ̀kan nínú wọn. Mo fi fóònù ya á, mo fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé kí n po iyọ̀ mọ́ omi nínú abọ́ mìíràn, kí n máa rì í sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n sì dá a padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òwú náà já, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò wọlé. Ó ń léfòó lórí omi bí ewé, orí rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ilé bàbá mi sọ sí mi lọ́kàn.

Ní Oǹdó ni bàbá mi wà, nínú ilé tí bàbá tirẹ̀ fi amọ̀ kọ́, tí òun wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó lójú fèrèsé bí ẹni jókòó sórí àga. Ooru kì í ríbi wọlé níbẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Èmi kì í lọ ju Àjíǹde àti Kérésìmesì lọ. Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wa kì í gùn: ṣé o wà, mo wà, ó dáa. Kò sí ìjà láàárín wa. A kàn jẹ́ ẹni méjì tí ìyá mi máa ń bá sọ̀rọ̀ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, nígbà tó sì lọ, kò sí ẹni tó ń bá wa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Wolé-wolé ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ wolé-wolé mọ́. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n, wọ́n a máa wọ ilé onílé láti wo ibi ìdáná, ilé ìgbẹ́ àti àyíká. Ohun tí wọ́n máa ń wò jù ni àmù omi. Bàbá mi yóò ṣí ìdérí, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, bó bá sì rí tanwíjí, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń jó nínú omi tí wọ́n máa ń di ẹ̀fọn, yóò da omi náà nù lójú ẹni tó pọn ọ́n, yóò sì kọ orúkọ ẹni náà fún kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn èèyàn bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé mò ń bọ̀. Mo gbé ẹran náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí tí mo lu ihò sí, mo wọ mọ́tò ní gáréèjì, mo gbé e lé itan títí a fi kọjá Ọ̀wẹ̀nà tí a sì dé Oǹdó. Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé, mo sì ṣí ìdérí. Ó wò ó títí.

Ó ní, “Ṣé ó máa ń gé ni jẹ?”

“Rárá, Bàbá. Kò fi bẹ́ẹ̀ ní eyín.”

“Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní.”

Ó ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, bí ìyá ọmọ ṣe ń ṣe, ó ní omi yìí ti gbóná jù fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó dìde, ó lọ sí ilé ẹrù lẹ́yìn ilé, ó sì yí àmù ńlá kan jáde, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìyá mi máa ń pọn omi mímu sí kí a tó ra fìríìjì. A fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ láì lo ọṣẹ. Ó wá igun kan nínú yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé, ó da iyanrìn sílẹ̀, ó fi omi rin ín, ó gbé àmù náà lé e. Ó fa omi kànga, ó sì jẹ́ kó fara balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dà á sí i. Ẹni bá ti lo àmù rí mọ̀ bó ṣe ń ṣe é: á máa làágùn lára, omi inú rẹ̀ á sì máa tutù. Kò nílò iná.

Nígbà tí a gbé ẹran náà sí i, ó rì lọ sí ìsàlẹ̀ ó sì fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó dúró.

Mo ní n ó padà wá mú un bí ooru bá dínkù. Bàbá mi ní, “Àlejò kì í sọ ọjọ́ tó máa lọ.” Láti ọjọ́ náà, àlejò ló ń pè é.

Ṣùgbọ́n àlejò kò jẹun. Bàbá mi wa ekòló lẹ́yìn balùwẹ̀, ó gé e wẹ́wẹ́, ẹran náà á fi ẹnu mú un, á tún tu ú dànù. Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní bí ẹran tó dàgbà bá rẹ̀ báyìí, ohun kékeré tó ń mira nínú omi ló máa ń ta á jí, pé ní ilé ìwádìí tí òun ti kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀, tanwíjí ni wọ́n ń fún un títí yóò fi lágbára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́, ó ní, “Tanwíjí? Nínú ilé tèmi?”

Mo ní ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. A jẹ iṣu, mo padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú èrò pé ẹran náà kò ní pẹ́ kú. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá bàsíà kan lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, omi òjò àti ewé wà nínú rẹ̀, tanwíjí sì ń jó níbẹ̀ yẹ̀ẹ̀yẹ̀. Bàbá mi lọ́ sókòtò rẹ̀ sókè, ó ń fi asẹ́ tíì kó wọn. Ó ní kí n wo bí wọ́n ṣe ń so rọ̀ lójú omi láti mí, ó ní àwọn tó ti ká kò bí àmì kọ́mà, díẹ̀ ló ku kí wọ́n di ẹ̀fọn, pé àwọn yẹn ni òun ń kọ́kọ́ kó. Ó mọ̀ wọ́n ju èmi tí mò ń kọ́ ọmọ nípa wọn lọ. Ó dà wọ́n sínú àmù. A dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a rí i tí orí dúdú náà yí, tí ẹnu là, tí omi sì fà wọlé. Bàbá mi padà lọ fi asẹ́ kó sí i.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń lọ sí Oǹdó ní Sátidé bí owó ọkọ̀ bá ti wà. Bí kò bá sí, bàbá mi á pè mí, á sì sọ bí àlejò ṣe jẹun, bí ẹ̀ka ọrùn rẹ̀ ṣe ń pọ́n padà, bó ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé odindi ekòló mì. Ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù gùn sí i. Ọdún yẹn ni ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń falẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé ìwé bi mí pé ṣé ìgbà báyìí ló yẹ kí èèyàn máa bọ́ ẹran tí a kì í pa jẹ. Mo sọ ìbéèrè náà fún bàbá mi. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ohun tí àwa kì í jẹ ló ń jẹ.

Ní ilé tó kọjú sí tiwa ni màmá kan wà, opó àgbẹ̀ kòkó, ẹgbẹ́ bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ó máa ń kí wa tìwà-tìwà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ ilé wa. Nígbà ìsìnkú ìyá mi, abẹ́ àtíbàbà níta ló jókòó sí. Mo mọ ìdí rẹ̀ bí gbogbo àdúgbò ṣe mọ̀ ọ́n: nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, bàbá mi rí tanwíjí nínú àmù rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ní Sátidé kan, èmi àti bàbá mi wà nídìí bàsíà nígbà tí màmá náà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó dúró. Oǹdó ló fi sọ̀rọ̀, àmọ́ mo ń kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ Yorùbá ní ilé ìwé.

“Wolé-wolé, kí lẹ ń wá nínú omi ìdọ̀tí?”

Bàbá mi kò mọ irọ́ pa. “Tanwíjí ni, Màmá.”

Màmá náà gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo inú bàsíà. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín tàbí kó ké sí àwọn ará àdúgbò. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, ó ní tanwíjí tiwa pọ̀ ju èyí tí wọ́n bá nínú àmù òun lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, láìgbé ohùn sókè: pé oyún àkọ́kọ́ òun ló wà nínú òun nígbà náà, pé òun dúró níwájú àwọn adájọ́ tí ẹsẹ̀ òun wú, pé ìyá ọkọ òun kò jẹ́ kí òun gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú, tí gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bú òun, a máa pe òun ní ẹlẹ́jọ́.

Bàbá mi gbé asẹ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ibà ń pa àwọn ọmọdé ládùúgbò lọ́dún náà. Èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn.”

“Mo mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ǹ bá ti da omi náà nù.”

Bàbá mi yíjú sí i. Ó ní, “Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹ má bínú.”

Mi ò gbọ́ ọ rí kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Màmá náà ní ó ti pẹ́. Kò sọ pé òun ti gbàgbé, kò sì sọ pé òun ṣì ń bínú. Ó ní kí wọ́n fi ohun tó ń jẹ tanwíjí náà han òun.

Bàbá mi mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ àmù, kò tàn án sí ẹran náà lójú, ó ṣàlàyé pé kò ní ìpéǹpéjú tó lè pa dé. Màmá na ọrùn.

“Ó ń rẹ́rìn-ín,” ó wí.

“Bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.”

Kó tó lọ, ó sọ fún bàbá mi pé bí ẹ̀fọn ẹyọ kan bá ti inú bàsíà yẹn jáde wá sí ilé òun, òun mọ ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Bàbá mi yọ àwọ̀n ẹ̀fọn kan tí wọ́n pín ní ilé ìwòsàn, ó nà án bo ẹnu bàsíà, ó fi okùn dè é yípo; bí tanwíjí bá tán nínú rẹ̀ nìkan ni yóò tú u fún ọjọ́ kan kí ẹ̀fọn lè yé ẹyin sí i. Màmá wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì, ó ní okùn náà dẹ̀ níbì kan. Bàbá mi tún un dè. Ó di àṣà Màmá láti máa wá ní àárọ̀, á wo bàsíà, á wo àmù, á jókòó díẹ̀. Nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti kú, ta ló fẹ́ ta ni, ilẹ̀ wo ló ti di ilé epo.

Nígbà ọyẹ́, ara àlejò dá ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí atẹ́gùn gbígbẹ a máa jẹ́ kí àmù tutù dáadáa. Ẹ̀yìn ọyẹ́ ni wàhálà dé. Ooru mú, kànga wa sì gbẹ títí ó fi ku ẹrẹ̀. Bàbá mi ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e kiri, ó ń jẹ́ kó dúró fún ìgbà díẹ̀ kí òórùn oògùn apakòkòrò inú rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ń wẹ̀ ní ìwọ̀nba. Kànga màmá jìn, kì í gbẹ. Mo ní kí bàbá mi tọrọ níbẹ̀. Ó ní òun kò ní ẹnu tí òun fi máa tọrọ omi lọ́wọ́ ẹni tí òun da omi rẹ̀ nù. Mo wá lọ fúnra mi. Màmá gbọ́ mi tán, ó ní, “Ta ló ní kó tọrọ? Kó wá pọn ni.” Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì méjì ṣáájú. Bàbá mi fi àpò kòkó tó rin gbindin we àmù náà, ó ń tún un rin ní àárọ̀ àti ọ̀sán. Báyìí ni a ṣe la ẹ̀ẹ̀rùn náà já.

Àlejò lo ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ń jẹun díẹ̀ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́. Bàbá mi pè mí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ní ó ti lọ, pé òun bá a nísàlẹ̀ àmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká mọ́ra, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ó ní, “Àgbà ni. Kò jìyà.” Mo tọrọ ààyè nílé ìwé. Nígbà tí mo dé, ó ti fi aṣọ funfun kékeré wé e, màmá sì wà níbẹ̀. A sin ín sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Bàbá mi da bàsíà nù, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo sunkún díẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹran náà nìkan, ṣùgbọ́n mi ò wá ìdí rẹ̀ lọ títí.

Nírọ̀lẹ́ mo pe ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé yóò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kàn béèrè bí omi ṣe tutù tó lọ́jọ́ tó kú. Mo ní ó tutù. Ó dúpẹ́. Ó ní òun kò tíì rí iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni òun wà báyìí, òun ń wẹ̀ wọ́n, òun ń fún wọn lóúnjẹ, wọn kì í ṣe ẹbí òun, àwọn kan nínú wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ara wọn mọ́. Ó ní iṣẹ́ ọ̀hún wúwo, ṣùgbọ́n òun ń ṣe é. Ó ní kí n bá òun kí Bàbá.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún bàbá mi, mo sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún un. Ó bi mí bóyá wọ́n ń ṣe dáadáa sí i níbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, “Bó bá tún pè, sọ fún un pé iṣẹ́ gidi ni.”